Ọwọ́ Tó Gba Orí Kìnìún Lọ́wọ́ Mi

Ìtàn yìí ṣẹlẹ̀, ó sì ṣojú mi kòró. Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó gbà á gbọ́, torí ó ti rẹ̀ mí ju kí n máa bá èèyàn jiyàn lọ. Àwọn mẹ́ta tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú mi ṣì wà láyé, ṣùgbọ́n wọn ò ní sọ ọ́ fún yín. Èmi náà ìbá ti dákẹ́. Ohun tó dé ẹnu ọ̀nà ọmọ mi lálẹ́ àná ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́.

Orúkọ mi ni Sokichi. Ọmọ Sugedani ni mí, abúlé kan láàárín òkè ní Toyama, níbi tí yìnyín ti máa ń ga dé ojú fèrèsé. Mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún, síbẹ̀ títí di ìgbà ìkórè èṣí, èmi ni ọ̀gá Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́. Ẹ rẹ́rìn-ín tó bá wù yín. Àwa náà máa ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tó kéré jù nínú àwa ọ̀dọ́ mẹ́rin tó kù ti ní ọmọ-ọmọ.

Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ yìí ti wà kí ọ̀nà ọkọ̀ tó dé abúlé wa, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó dá a sílẹ̀. Láyé bàbá bàbá mi, gbogbo ọmọkùnrin tó bá ti pé ọdún méjìdínlógún ló ń wọ ẹgbẹ́, ilé ẹgbẹ́ ni wọ́n sì máa ń sùn tí òtútù bá dé. Àwọn ló ń pa iná bí ilé bá ń jó. Àwọn ló ń gun òrùlé àwọn opó láti ro yìnyín kúrò kí òrùlé má baà wó. Àwọn ló ń la ojú omi sóko ìrẹsì, àwọn ló ń gbé òkú. Bí ọmọkùnrin kan bá ń yọ́ lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin kan, ẹgbẹ́ ti mọ̀ kí bàbá ọmọbìnrin tó mọ̀. Ogun kó wọn lọ, ìwọ̀nba díẹ̀ ló padà, àwọn díẹ̀ yẹn sì tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ ìlú ńlá kó wọn lọ, àwọn yẹn ò padà. Ilé ìwé wa tì pa. Ní báyìí, èso kaki ń pọ́n lórí igi, kò sẹ́ni tó máa ká a, béárì ló ń sọ̀ kalẹ̀ wá jẹ ẹ́.

Iṣẹ́ ẹgbẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Panápaná ń wá láti ìsàlẹ̀ òkè. Ẹ̀rọ ló ń kó yìnyín. Ohun kan ṣoṣo tó wá kù ni ijó kìnìún nígbà ìkórè.

Kìnìún wa gùn. Igi ni wọ́n fi gbẹ́ orí rẹ̀, wọ́n kùn ún ní pupa, wọ́n sì fi wúrà kun eyín rẹ̀, ó wúwo bí ọmọ tó ti ń rìn. Aṣọ ni ara rẹ̀, ọ̀pá oparun tí a tẹ̀ kọrọdọ ló gbé aṣọ náà sókè, àwọn ọ̀dọ́ á sì tò sábẹ́ rẹ̀ láti orí dé ìrù. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ìrù ló máa ń dì mú. Mo rántí ọdún àkọ́kọ́ mi dáadáa. Abẹ́ aṣọ yẹn ṣókùnkùn, ó ń rùn fún òógùn àti ọtí, o ò sì ní rí ju gìgísẹ̀ ẹni tó wà níwájú rẹ lọ. Lọ́dọọdún lò ń sún síwájú, títí orí á fi kàn ọ́.

Nígbà tó bá wá tó àkókò tí o fẹ́ kúrò, o ò ní gbé orí sílẹ̀, torí orí kìnìún kò gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀. Abẹ́ aṣọ níbẹ̀ ni wàá ti nà án sẹ́yìn, láìwẹ̀yìn wò, wàá ní, "Mo ti gbé e tó. Gbà á." Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ, tó kéré sí ọ, á dáhùn pé, "Mo gbà á." Ọwọ́ rẹ á fúyẹ́. Wàá gba abẹ́ àgbọ̀n kìnìún jáde, o ti di àgbà nìyẹn, ẹgbẹ́ ò ní ohunkóhun í bá ọ ṣe mọ́. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí èèyàn fi ń kúrò.

Bí a ṣe ń pe èèyàn wọlé náà nìyí. Kìnìún á lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé tí ọmọ ibẹ̀ ti pé ọjọ́ orí, á pa eyín pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta: ká, ká, ká. Ọmọ náà á jáde wọ abẹ́ aṣọ. Ẹnì kan ló ń ti ilé kọ̀ọ̀kan wá. Bí ẹnì kan bá ti wà nínú ẹgbẹ́ láti ilé náà, onítọ̀hún á dáhùn látinú ilé pé, "Ilé yìí ti ní èèyàn níbẹ̀," kìnìún á sì kọjá. Wọn kì í kọ̀. Mo gbọ́ nípa ilé kan tó kọ̀ láyé àtijọ́. Ilé wọn jó, kò sẹ́ni tó gbé korobá. Bàbá wọn kú, kò sẹ́ni tó gbé pósí. Èèyàn ò sì lè torí pé ó kúrò nílé bọ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń lọ ṣiṣẹ́ ní Osaka lásìkò òtútù, ẹgbẹ́ ṣì ń kà wọ́n mọ́ra. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ibi tí ọmọ Sugedani bá gbé orí lé ìrọ̀rí, Sugedani ni.

Ọmọkùnrin nìkan là ń pè tẹ́lẹ̀. Lọ́dún tí ilé ìwé tì pa, èmi ni mo dá a lábàá pé ká máa pe ọmọbìnrin náà. Gbogbo ọwọ́ ló gòkè. Kò sì sí ọmọbìnrin kankan nílẹ̀ mọ́ láti pè, nítorí náà a mu ọtí lé òfin tuntun wa lórí, kálukú sì relé.

Orí ti wà lọ́wọ́ mi látìgbà tí Kayano ọmọbìnrin mi ti ń lọ sílé ìwé girama. Kò sẹ́ni tó kù lẹ́yìn mi tí mo lè nà án sí. Ìyàwó mi kú. Orúnkún mi méjèèjì ti bàjẹ́. Kayano ń gbé ní ìlú Toyama, ó ti tún yàrá kan ṣe dè mí, ọdọọdún ló ń pè mí, ọdọọdún ni mo ń sọ pé ó dìgbà tí ìkórè bá kọjá. Ìsinmi nìkan ni mo ń fẹ́ láyé mi. Mi ò fẹ́ nǹkan mìíràn.

Èṣí, nígbà tí àjọ̀dún ku díẹ̀, a ṣèpàdé nílé ẹgbẹ́. Àwòrán àwọn ọ̀dọ́ ọdọọdún kún ara ògiri níbẹ̀. Èyí tó wà lápá òsì kún fọ́fọ́ fún ojú, èyí tó wà lápá ọ̀tún kò ní ju àwa mẹ́rin lọ. Mikio tó ń ta ọtí ló ń lu ìlù, òun ló tan sítóòfù.

"Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jókòó," ó ní. "Ẹni tí orúnkún ẹ̀ bá ń dún kó má sún mọ́ ìlù mi o."

"Tìẹ ńkọ́?" Yonezo béèrè. Òun ló dàgbà jù, òun ló ń fọn fèrè.

"Tèmi ti dákẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ó ti kú."

Mo sọ ọ́ fún wọn. Mo ní mo fẹ́ kúrò, mo fẹ́ lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ mi.  Sítóòfù ń dún wúyẹ́wúyẹ́.

Isao ló kọ́kọ́ lanu. Ó ti fìgbà kan ṣiṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́, òun ló ń di ìrù mú, torí ẹ̀yìn rẹ̀ tó bàjẹ́ kò lè gbé orí. "Ta lẹ fẹ́ gbé e fún?"

"Kò sí."

"Ẹ ò lè kúrò nìyẹn."

"Ta ló máa mú wọn?" Mikio ní. "Ṣé ẹgbẹ́ ní ọlọ́pàá ni?"

Yonezo wúkọ́. "Ẹ jẹ́ ká ti ẹgbẹ́ pa lẹ́yìn àjọ̀dún yìí. Ẹgbẹ́ tí kò bá sí mọ́, kò sẹ́ni tó ń kúrò nínú ẹ̀. Ká kó kìnìún fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nílùú."

Ohun tí gbogbo wa ń rò nìyẹn, kò kàn sẹ́ni tó fẹ́ kí ẹnu òun ló sọ ọ́ ni.

"Bàbá mi ò ní dárí jì mí," Yonezo tún ní.

"Bàbá yín ò dárí ji ẹnikẹ́ni rí," Mikio dáhùn.

A rẹ́rìn-ín. Bí ẹ̀rín ṣe ń lọlẹ̀, nǹkan dún lórí pẹpẹ níbi tí orí kìnìún wà. Ká. Okùn la fi ń di ẹnu rẹ̀ pa tí kò bá sí níta. A wò ó. Okùn ṣì wà níbẹ̀.

"Eku ni," Isao ní.

 Mikio dìde, ó pa sítóòfù, a sì relé láì mu ọtí tó kù.

Lọ́jọ́ àjọ̀dún, ọ̀sán gan-an la jáde. Òtútù ti ń mú. Ilé tí èèyàn ṣì ń gbé kò tó mẹ́wàá, a sì jó níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Èmi lórí, Isao nírù, àárín aṣọ sì rọ̀ jọwọlọ láàárín wa, ó ń wọ́ nílẹ̀. Àwọn arúgbó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n na orí jáde kí kìnìún bù wọ́n jẹ kí ara wọn lè le. Ọmọdé la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún tẹ́lẹ̀.  Ní gbogbo ìgbà tí mo bá tẹ̀ ba, mo máa ń rò ó bóyá màá lè dìde padà.

Ilé Ìyá Tome la lọ kẹ́yìn, lókè pátápátá, níbi tí igbó ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá Tome ti kú nígbà òjò, wọ́n sì ti ti ilé náà pa. A kàn dúró níwájú rẹ̀ láti sinmi ká tó sọ̀ kalẹ̀ ni. Òòrùn ń wọ̀. Ìlù dákẹ́, fèrè dákẹ́. Èmi ò lè jáde, torí ibi tí wọ́n ń gbé orí lé wà nísàlẹ̀ nílé ẹgbẹ́. Mo dúró sínú òkùnkùn aṣọ yẹn, mo di orí mú. Mo rò pé Isao wà lẹ́yìn mi nírù, ó ń mí. Mo gbọ́ ẹni tó ń mí.

Ó rẹ̀ mí. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín yìí, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ kó yé yín bó ṣe rẹ̀ mí tó. Ọ̀rọ̀ náà kàn jáde lẹ́nu mi, bí mo ṣe máa ń kí ìyàwó mi tí mo bá wọlé, lẹ́yìn tó ti kú.

"Mo ti gbé e tó," mo ní. "Gbà á."

Mo tiẹ̀ tún na orí náà sẹ́yìn díẹ̀, torí bẹ́ẹ̀ ni apá mi fẹ́.

"Mo gbà á," ẹnì kan ní.

Ohùn ọ̀dọ́ ni. Kò pariwo. Ọwọ́ méjì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ọwọ́ mi, ó tutù bí omi tó ń ṣàn lábẹ́ yìnyín, ó sì gba orí náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọwọ́ mi fúyẹ́. Mi ò wẹ̀yìn. Láti ọmọ ọdún méjìdínlógún ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé ẹni tó ń gbé e fún ẹlòmíràn kì í wẹ̀yìn. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gba abẹ́ àgbọ̀n kìnìún jáde.

Yonezo jókòó lórí òkúta, ó ń nu fèrè. Mikio ti ṣáná sí sìgá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlù. Isao sì wà nítòsí ògiri, ó tẹ̀ ba, ó ń so okùn bàtà.

Isao wò mí. Ó wo ẹ̀yìn mi. Ó fi okùn bàtà sílẹ̀.

"Ta ló wà nínú ẹ̀?" ó ní.

Mo yíjú. Orí kìnìún wà lókè, ó ga ju ibi tí mo ti ń gbé e dé láti ọdún mélòó kan wá. Aṣọ kò rọ̀ mọ́. Ó kún láti orí dé ìrù. Nísàlẹ̀, níbi tí etí aṣọ mọ, ẹsẹ̀ tò lọ rẹrẹẹrẹ, bàtà koríko ló sì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Yonezo nìkan ló wọ irú bàtà yẹn rí nínú wa, nígbà tó wà lọ́mọdé.

Sìgá bọ́ lẹ́nu Mikio. "Ẹ̀gbọ́n Yonezo," ó ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ fọn fèrè."

"Kí n fọn kí ni?"

"Ẹ ṣáà fọn ọ́n. Ẹ má jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀ máa wò wá."

Yonezo gbé fèrè sẹ́nu. Èémí ò jáde. Kìnìún náà ò dúró dè é. Ó jó láìsí ìlù, láìsí fèrè, ìró bàtà koríko lórí ilẹ̀ nìkan là ń gbọ́, gbogbo wọn ń balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ijó àtijọ́ ni, èyí tó nílò èèyàn púpọ̀. Mi ò jó o rí. Omijé ń dà lójú Yonezo, kò sì nù ún.

Nígbà tó jó tán, ó kọjú sí ilẹ̀kùn Ìyá Tome. Ká, ká, ká. Ó dúró. Kò sẹ́ni tó jáde. Ó gba ilé tí wọ́n ti pa lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ. Ká, ká, ká. Ó dúró. Ó gba ọ̀nà igbó lọ sókè, síbi tí àwọn ilé ti wó kí wọ́n tó bí mi, ilẹ̀ ṣú, a ò rí i mọ́, ṣùgbọ́n à ń gbọ́ eyín rẹ̀ lókèèrè, tí á dún, tí á dúró díẹ̀, tí á tún dún.

A ò tẹ̀ lé e. Ojú ń tì wá láti sá, nítorí náà a dúró síbẹ̀.

"Ọwọ́ ta ni?" Mikio bi mí.

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

"Ṣé ti àgbà ni àbí ti ọmọdé?"

"Ó kéré sí mi."

"Ìyẹn nìkan ni òfin béèrè," Yonezo ní.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a bá orí kìnìún lórí pẹpẹ rẹ̀. Wọ́n ti fi okùn di ẹnu rẹ̀, kókó tí wọ́n ta sí okùn náà kì í ṣe irú tiwa. Etí aṣọ tutù, koríko ìrẹsì há sí i. Mo bọ́ ẹ̀wù ọ̀gá, èyí tó ní ọ̀já funfun lápá, mo ká a, mo gbé e sórí pẹpẹ. A ti ilé ẹgbẹ́ pa. Kí yìnyín tó bọ́, àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wá kó kìnìún lọ.

Èmi náà lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, inú mi dùn. Ilé Kayano wà lókè nínú ilé alájà púpọ̀, kò sí yìnyín láti ro, kò sí orí láti gbé. Mò ń jí nígbà tó bá wù mí. Mò ń pẹ́ nínú omi gbígbóná débi pé ọmọbìnrin rẹ̀ Suzuna á wá kan ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀: "Bàbá àgbà, ṣé ẹ ti jinná ni?" Ìwé nọ́ọ̀sì ni Suzuna fẹ́ kà. Nígbà tí òdòdó bá yọ, Nagoya ló ń lọ, ó ti ra àpótí sílẹ̀ báyìí, ó gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo wa ń fẹsẹ̀ kọ ọ́. Ó pé ọdún méjìdínlógún ní oṣù tó kọjá. Mo jẹ kéèkì, mo pàtẹ́wọ́. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá.

Àná, òjò ń rọ̀. Kayano ò tíì ti ibi iṣẹ́ dé. Èmi àti Suzuna ń jẹun alẹ́, tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀ lọ.

Ká, ká, ká.

"Ẹnì kan wà lẹ́nu ọ̀nà," Suzuna ní.

Ìgbà yẹn ni òórùn náà wọlé, ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn. Òógùn, ọtí, koríko tó tutù. Suzuna fi ọ̀pá ìjẹun sílẹ̀, ó dìde. Mo di apá rẹ̀ mú. Mi ò di ọmọ yẹn mú bẹ́ẹ̀ rí.

"Jókòó."

"Bàbá àgbà, apá ń dùn mí."

"Mo ní kó o jókòó."

Ó jókòó. Mo pa tẹlifíṣọ̀n. Kìnìún kì í pe èèyàn lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá ti pè, dídúró ló kù. A gbọ́ bó ṣe ń dúró, aṣọ ń họra mọ́ ògiri, àwọn ẹsẹ̀ ń yí ara wọn padà bí ẹsẹ̀ àwọn tí kò kánjú. Mo wo Suzuna, mo wo àpótí rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Èmi ló ní kí wọ́n máa pe ọmọbìnrin. Èmi ló gbé orí lé ìrọ̀rí nínú ilé yìí. Mo ti kúrò nínú ẹgbẹ́, ilé yìí ò sì ní ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́. Mo rántí ilé tó kọ̀ tó sì jó, àmọ́ àwọn alààyè ló kọ̀ láti ran àwọn yẹn lọ́wọ́. Ohun tí àwọn wọ̀nyí máa ṣe sí ilé tó bá kọ̀, mi ò mọ̀.

Ọbẹ̀ ti tutù níwájú wa kí n tó rí ohùn.

"Ilé yìí ti ní èèyàn níbẹ̀," mo ní.

Ẹsẹ̀ dákẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan béèrè láti òdìkejì ilẹ̀kùn, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, "Ta ni?"

Ìyẹn ò sí nínú àṣà wa. Wọn kì í béèrè. Suzuna gbọ́ ohùn náà, mo rí i lójú rẹ̀.

"Sokichi," mo ní.

"Mo gbà á," ó ní.

Wọ́n lọ. Wọn ò gba ibi àtẹ̀gùn, wọn ò gba inú ẹ̀rọ tó ń gbéni sọ̀ kalẹ̀. Ìró ẹsẹ̀ wọn kàn ń jìnnà sí wa lójú ọ̀nà ìta títí a ò fi gbọ́ ọ mọ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà ìta yẹn ò gùn. Mo ṣí ilẹ̀kùn. Iná wà, ilẹ̀ gbẹ. Lórí ẹní ìnusẹ̀ wa, wọ́n ká ẹ̀wù ẹgbẹ́ kan síbẹ̀. Kì í ṣe tèmi àtijọ́. Kò ní ọ̀já funfun. Irú èyí tí à ń fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni.

"Ta ni, Bàbá àgbà?" Suzuna béèrè lẹ́yìn mi.

"Àwọn ẹgbẹ́ mi ni."

"Ṣebí ẹ ní ẹ ti tì í pa?"

"A tì í pa."

"Kí ló dé tí wọn ò wọlé?"

"Wọn kì í wọlé. Èèyàn ló ń jáde lọ bá wọn."

Mo fóònù Mikio láàárọ̀ yìí. Kí n tó sọ tẹnu mi, ó ní àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti pe òun. Kò sí ohun tó sọnù, orí kìnìún wà nínú àpótí gíláàsì rẹ̀. Aṣọ rẹ̀ ló tutù, wọ́n sì ń béèrè bóyá a mọ ohun tó lè fà á, torí òrùlé àwọn ò jò.

Mo wá sọ fún un.  Mò ń gbọ́ bí fìríìjì ọtí ṣe ń kùn ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wá," ó ní.

"Tí mi ò bá wá ńkọ́?"

 "Màá wá pàdé yín níbùdókọ̀," ó ní.

Ọ̀la ni ọjọ́ àjọ̀dún ìkórè. Mo sọ fún Kayano pé mò ń lọ wo ibojì ìyá rẹ̀, ó ní kí n mú agbòjò. Suzuna ò sọ nǹkan kan fún ìyá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú mi nírọ̀lẹ́ yìí, ó lẹ egbòogi mọ́ orúnkún mi méjèèjì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ó fi gbóná.

"Ẹ tètè padà o," ó ní.

"Ìwọ ṣáà lọ sí Nagoya," mo ní.

Mo ti wọ ẹ̀wù náà wò. Ó bá mi mu. Ìrù ni màá ti bẹ̀rẹ̀, èmi tí mo dàgbà tó báyìí, bẹ́ẹ̀ kò sì sẹ́ni tó máa wọlé lẹ́yìn mi. Mo ti gbàgbé bí ìrù ṣe rí, àfi òkùnkùn yẹn àti òórùn yẹn, àti gìgísẹ̀ ẹni tó wà níwájú. Lọ́la ni màá rí i bóyá mo mọ onígìgísẹ̀ náà.